NFL Draft: Wọ́n ń fá orí lẹ́yìn olórí

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 2025, fóònù Shedeur Sanders dún. Láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni òun, ẹbí àti ọ̀rẹ́ ti péjọ, tí wọ́n ń retí ìpè yẹn. Ẹni tó pè é ní òun ni ọ̀gá ní kíláàbù kan, pé àwọn máa mú un, àmọ́ kó ṣì ṣe sùúrù díẹ̀ sí i. Kò pẹ́ tí àṣírí fi tú. Irọ́ gbuu ni! Ọmọ akọ́nimọ̀ọ́gbá kan ní kíláàbù Atlanta Falcons ló rí nọ́ńbà Sanders lórí iPad bàbá rẹ̀, ló bá fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe yẹ̀yẹ́.

NFL, ìyẹn líìgì bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sá tí wọ́n sì ń fi ara kọ lu ara, ní kí Falcons san owó ìtanràn 250,000 dọ́là, kí akọ́nimọ̀ọ́gbá náà sì san 100,000 dọ́là. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Lọ́dọ̀ tèmi, kò tíì parí. Kì í ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn ló ń dà mí láàmú o. Ohun tí mò ń rò ni pé ká tiẹ̀ ní òótọ́ ni ìpè náà, kí ni ọmọkùnrin yẹn lè fèsì? Kò lè béèrè pé kíláàbù mìíràn ńkọ́. Kò lè ní òun máa lọ rò ó ná. "Ẹ ṣeun, sà" ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí á jọ yẹ ètò tí wọ́n ń pè ní draft yìí wò. Gbogbo ayé ló ń pàtẹ́wọ́ fún un pé ètò tó dọ́gba ni. Mo gbà pé ó dọ́gba. Àmọ́ láàrin ta sí ta?

Ẹni tó gbẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ mú

Ẹ̀yin tí ẹ ń wo Premier League, ẹ gbọ́ ná. Lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kíláàbù tó bá wà ní ìsàlẹ̀ tábìlì, lílé ni wọ́n ń lé e lọ sí ìsọ̀rí kejì. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó gbẹ́yìn gan-an ni wọ́n ń kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún.

Kíláàbù 32 ló wà nínú NFL, kò sì sí èyí tó ń já bọ́. Tí sáà bá parí, kíláàbù tí èsì rẹ̀ burú jù ló máa kọ́kọ́ yan ẹni tó wù ú nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù bọ̀ láti fásitì. Kíláàbù tó gba ife ẹ̀yẹ Super Bowl ló máa yàn kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe yí i ká ní ìpele 7, láàrin ọjọ́ 3, títí wọ́n á fi pe orúkọ tó lé ní 250. Kíláàbù lè fi àyè tirẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ẹlòmíràn, wọ́n sì lè fi àyè gba agbábọ́ọ̀lù. Gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ ló lè tà kó sì rà, àfi ẹni tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀.

Ẹni tí kíláàbù bá ti mú, ọ̀dọ̀ kíláàbù yẹn nìkan ló ti lè ṣiṣẹ́ nínú NFL. Ẹni tó bá ti ṣe àgùnbánirọ̀ rí á tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí: ibi tí wọ́n bá gbé ọ sí ni wàá lọ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọdún kan ni ti àgùnbánirọ̀. Ọdún 4 ni àdéhùn iṣẹ́ ẹni tí wọ́n mú ní draft, tó bá sì wà lára àwọn ìpele kìíní, kíláàbù lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ọdún karùn-ún lé e. Tó bá kọ̀ jálẹ̀, kó jókòó sílé fún odidi sáà kan, kó sì tún padà wá tò sínú draft ọdún tó tẹ̀ lé e.

Àwọn kan ti kọ̀ rí o. John Elway kọ̀ láti lọ sí Baltimore Colts ní 1983, wọ́n sì gbé e fún Denver Broncos. Eli Manning kọ San Diego Chargers ní 2004, ó sì bá ara rẹ̀ ní New York Giants. Àmọ́ ẹ wo irú èèyàn tí wọ́n jẹ́. Elway mọ bọ́ọ̀lù béésì gbá, ó sì ní ibòmíràn tó lè lọ. Bàbá Manning àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ ìlúmọ̀ọ́ká nínú NFL. Ọmọ mẹ̀kúnnù tí wọ́n mú ní ipò 180, ta ni yóò fi halẹ̀ mọ́?

Síbẹ̀, ayẹyẹ ńlá ni. ESPN ti ń gbé draft sórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán láti 1980. Nígbà tí wọ́n ṣe é ní ìlú Detroit ní 2024, èrò tó lé ní 775,000 ló wá síbẹ̀ láàrin ọjọ́ 3. Wọn ò sì gbá bọ́ọ̀lù kankan o! Orúkọ ni wọ́n ń pè.

Inú hòtẹ́ẹ̀lì ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bert Bell ló mú àbá yìí wá. Òun ló ni Philadelphia Eagles nígbà náà, kíláàbù rẹ̀ sì ń jìyà. Àwọn bíi Chicago Bears àti New York Giants lówó lọ́wọ́, wọ́n sì lórúkọ, nítorí náà ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn ọ̀dọ́ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá ń sá lọ. Bell ní tí nǹkan bá ń lọ báyìí, líìgì máa dà rú. Ní 1935, àwọn tó ni kíláàbù gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejì ọdún 1936, wọ́n péjọ sí hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Philadelphia, wọ́n kọ orúkọ 90 sójú pátákó, kíláàbù 9 sì yan èèyàn 81.

Orúkọ àkọ́kọ́ tí wọ́n pè ni Jay Berwanger ti Yunifásítì Chicago, agbábọ́ọ̀lù fásitì tó dáńtọ́ jù lọ́dún náà. Ǹjẹ́ ẹ mọ iye ìdíje tí Berwanger gbá nínú NFL? Òdo! Eagles rí i pé àwọn ò lè san iye tó ń béèrè, wọ́n gbé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ fún Bears. Òun àti George Halas tó ni Bears náà dúnàádúrà títí, ọ̀rọ̀ ò wọ̀. Berwanger bá wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ dáadáa. Ká ní kò sí draft, kíláàbù 9 ni ì bá máa dupò lórí ọmọkùnrin yìí, owó rẹ̀ á sì máa gòkè. Lẹ́yìn tí draft dé, ẹnì kan ṣoṣo ló lè bá a sọ̀rọ̀. Òògùn kan ni Bell fi wo àìsàn méjì. Ó ran kíláàbù tí kò lágbára lọ́wọ́ lóòótọ́, ó sì tún dín owó tí gbogbo kíláàbù ń san kù. Ìdajì àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń sọ fún wa lórí tẹlifíṣàn.

Ta ló wà nínú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì yẹn? Àwọn tó ni kíláàbù nìkan ni. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ò tíì ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ó di 1956 kí wọ́n tó dá NFLPA sílẹ̀. Kò sí aláwọ̀ dúdú kankan lára àwọn tí wọ́n pè, torí NFL ò gba aláwọ̀ dúdú kankan sórí pápá láti 1934 títí di 1945. Ó di 1949 kí kíláàbù NFL kan tó pe orúkọ aláwọ̀ dúdú ní draft, ìyẹn George Taliaferro tí Bears mú. Líìgì mìíràn ló tiẹ̀ ti lọ ṣiṣẹ́ ní tirẹ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Láti ọjọ́ kìíní ni draft ti ń fá orí lẹ́yìn olórí.

Ta ló ń san owó ìdọ́gba?

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó. Ní 2010, Sam Bradford ni St. Louis Rams kọ́kọ́ yàn. Àdéhùn rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 78 dọ́là fún ọdún 6, mílíọ̀nù 50 nínú rẹ̀ sì dájú, bó ṣeṣe bí kò ṣeṣe. Ọdún kan péré lẹ́yìn náà, Cam Newton ni wọ́n kọ́kọ́ yàn, Carolina Panthers ló sì mú un. Mílíọ̀nù 22 dọ́là fún ọdún 4 ló gbà.

Kí ló ṣẹlẹ̀ láàrin ọdún kan? Ṣé Newton ò mọ bọ́ọ̀lù gbá tó Bradford ni? Rárá o. Àwọn ọ̀gá àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù ló fọwọ́ sí àdéhùn tuntun ní 2011 lẹ́yìn gbọ́nmi-si-omi-ò-to. Wọ́n fi gbèdéke lé owó àwọn ọmọ tuntun, kí owó lè kù fún àwọn tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Àwọn ọ̀gá gbà, àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù náà gbà. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an ò tíì gbá ìdíje kan ṣoṣo nínú NFL. Pàápàá, ọ̀pọ̀ àwọn tí òfin yẹn ń mú lónìí ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà.

Láti ìgbà yẹn, ipò tí wọ́n bá ti pè ọ́ ló ń sọ iye tí wàá gbà. Ní 2025, Cam Ward ni ẹni àkọ́kọ́, Tennessee Titans ló mú un, ó sì gba mílíọ̀nù tó lé ní 48 dọ́là fún ọdún 4. Sanders tí wọ́n fi fóònù ṣe yẹ̀yẹ́, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti rò pé wọ́n máa mú ní ìpele kìíní, dúró títí di ọjọ́ kẹta. Ipò 144 ni Cleveland Browns ti mú un. Tirẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.6. Iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe lórí pápá, quarterback ni wọ́n, ìyẹn ẹni tó ń darí eré tó sì ń ju bọ́ọ̀lù.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní, "Ìwọ náà, mílíọ̀nù dọ́là ni ò ń ká gúọ́gúọ́ lé lórí yìí?" Ó yé mi. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ohun kan. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù fúnra wọn ti máa ń sọ pé nǹkan bí ọdún 3 àti díẹ̀ ni agbábọ́ọ̀lù ń lò nínú NFL ní ìpíndọ́gba. Ọdún 4 sì ni àdéhùn. Èyí já sí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn á ti fi orókún, ejìká àti ọpọlọ sílẹ̀ lórí pápá kí ọjọ́ tí wọ́n lè sọ iye tí wọ́n ń fẹ́ tó pé.

Ẹ wo Brock Purdy. Ní 2022, òun ni ẹni 262, ẹni tó gbẹ́yìn pátápátá. Wọ́n tiẹ̀ ní orúkọ ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n máa ń pe ẹni tó bá gbẹ́yìn, Mr. Irrelevant, ẹni tí kò já mọ́ nǹkan kan. Ọmọ tí kò já mọ́ nǹkan yìí ló gbé San Francisco 49ers dé Super Bowl ní oṣù Kejì 2024. Owó rẹ̀ ò tó mílíọ̀nù 1 dọ́là lọ́dún nígbà náà, òfin ò sì jẹ́ kí kíláàbù fún un ní àdéhùn tuntun àfi tó bá lo sáà 3. Ó di oṣù Karùn-ún 2025 kí ó tó gba àdéhùn mílíọ̀nù 265 dọ́là fún ọdún 5.

Inú wa dùn sí i. Àmọ́ ìgúnpá ọmọ yìí kan náà ti ṣeṣe ní oṣù Kìíní 2023, débi tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ká ní ìgúnpá yẹn ò jinná ńkọ́? Ta ni ì bá san 265 yẹn fún un?

Ilé ẹjọ́ ti sọ̀rọ̀, àmọ́...

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ James Smith, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Yazoo. Kíláàbù Washington mú un ní ìpele kìíní ní 1968. Nínú ìdíje tó kẹ́yìn sáà rẹ̀ àkọ́kọ́, ọrùn rẹ̀ ṣeṣe. Bí iṣẹ́ ṣe parí nìyẹn. Ní 1970, ó gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́. Ó ní ká ní òun lómìnira láti bá kíláàbù púpọ̀ dúnàádúrà ni, òun ì bá ti gba àdéhùn tó máa dáàbò bo òun. Ní 1976, adájọ́ dá a láre pé draft ta ko òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe dí ọjà mọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ní 1978, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn náà ní bẹ́ẹ̀ ni, draft bó ṣe wà nígbà náà ò bófin mu.

Ẹ ò rí i pé ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kò parí. Ní 1977, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti bá àwọn ọ̀gá fọwọ́ sí ìwé pé àwọn fara mọ́ draft. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, ohun tí òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá bá jọ dúnàádúrà lé lórí, òfin ọjà yẹn kì í sábà mú un. Ìwé àdéhùn yẹn ló fún draft ní ẹ̀mí títí dòní.

Maurice Clarett náà gbìyànjú ní 2004. Ọmọ ọdún kìíní ni ní fásitì nígbà tí òun àti Ohio State gba ife ẹ̀yẹ àwọn fásitì. Ó fẹ́ wọ NFL, wọ́n ní kò tíì pé ọdún 3 tó kúrò ní girama. Ilé ẹjọ́ kékeré dá a láre, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí i padà. Adájọ́ tó kọ ìdájọ́ náà ni Sonia Sotomayor, tó ti wà ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà báyìí. Kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti dúnàádúrà lórí àwọn tí kò tíì wọlé pàápàá. Broncos mú Clarett ní 2005, àmọ́ kò gbá ìdíje líìgì kankan.

Ó lè jẹ́ òfin lóòótọ́. Mo kàn ń bi yín ni: ta ló ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tí kò tíì wọlé?

Orúkọ tí ẹ mọ̀

Bí ẹ bá tẹ́tí sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pe orúkọ lórí pèpéle yẹn, ẹ máa gbọ́ tiwa. Ní 2024, New York Jets mú Olumuyiwa Fashanu láti Penn State ní ipò 11. Ní 2021, New York Giants mú Azeez Ojulari ní ipò 50. Ní 2023, Arizona Cardinals mú àbúrò rẹ̀, BJ, ní ipò 41. Ní 2025, Titans mú Oluwafemi Oladejo ní ipò 52. Kí wọ́n tó bí àwọn ọmọ yìí ni Christian Okoye ti gbéra láti Enugu lọ ju àwo ní Amẹ́ríkà, tí Kansas City Chiefs fi mú un ní 1987. Ní 1989, òun ló gbé bọ́ọ̀lù sá jù nínú gbogbo NFL.

Kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni, wọ́n á ti kó àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn lọ sí Indianapolis. Wọ́n á wọn gíga wọn, wọ́n á wọn apá, wọ́n á wọn àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á ní kí wọ́n sáré, wọ́n á ní kí wọ́n gbé irin, bí ìgbà tí alápatà ń yẹ màlúù wò lọ́jà. Ní 2023, Adetomiwa Adebawore, tó wúwo tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 128, sáré 40 yáàdì láàrin ìṣẹ́jú àáyá 4.49. Ẹnu ya gbogbo èèyàn. Síbẹ̀ náà, ipò 110 ni Indianapolis Colts ti mú un.

Ṣé gbogbo ìwọ̀n yìí ń sọ òótọ́? Ẹ jẹ́ ká lọ sí 2000. Lọ́dún yẹn, wọ́n pe orúkọ 198 kí wọ́n tó pe Tom Brady. Ife Super Bowl 7 ló gbà. Ìtàn yẹn ti di orin lẹ́nu gbogbo èèyàn. Èyí tí ọ̀pọ̀ nínú yín ò tíì gbọ́ ni pé nínú draft ọdún yẹn kan náà, Adewale Ogunleye láti Yunifásítì Indiana ń dúró. Orókún rẹ̀ ti ṣeṣe. Wọ́n yí ìpele 7 ká tán, kò sẹ́ni tó pe orúkọ rẹ̀.

Ó lọ bá Miami Dolphins ṣàdéhùn fúnra rẹ̀. Ní 2003, ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló gbé quarterback alátakò ṣubú, kò sì sẹ́ni tó ṣe tó bẹ́ẹ̀ nínú ìdajì líìgì tirẹ̀. Nínú àwọn tí draft fò dá, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Chicago Bears fẹ́ gbà á ní 2004, odidi agbábọ́ọ̀lù kan àti àyè draft ìpele kẹta ni wọ́n fi pààrọ̀. Ẹni tí wọn ò kà sí ní ìpele keje! Brendon Ayanbadejo náà ńkọ́? Wọn ò pe orúkọ rẹ̀ ní 1999, ó gba Kánádà lọ gbá bọ́ọ̀lù, ó sì padà gba Super Bowl pẹ̀lú Baltimore Ravens ní 2013.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹni tí wọn ò pe orúkọ rẹ̀ rárá ló ní òmìnira. Ní kété tí draft bá ti parí, ó lè yẹ kíláàbù 32 wò, kó lọ síbi tí wọ́n ti nílò irú rẹ̀. Owó rẹ̀ kéré, kò sí ìdánilójú kankan, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tí wọn ò yàn nìkan ló lè yàn.

Joe Tryon náà kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ kan. Tampa Bay Buccaneers ló mú un ní 2021, ní ipò 32, torí pé Brady ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife fún wọn ni, aláṣeyege ló sì ń yàn kẹ́yìn. Kò pẹ́ sígbà náà tó ní kí wọ́n máa pe òun ní Joe Tryon-Shoyinka, kó lè gbé orúkọ ìdílé bàbá rẹ̀ sẹ́yìn aṣọ. Kò lè yan kíláàbù. Ó yan orúkọ.

Ṣé ìdọ́gba ọ̀hún tiẹ̀ wà?

Àwọn tó fẹ́ràn draft ní ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu, mi ò ní fi dù wọ́n. Wọ́n ní tí draft ò bá sí, gbogbo ọmọ tó dáa á sá lọ sí New York, Los Angeles àti Dallas, ìlú kékeré bíi Green Bay á sì kú. Wọ́n ní ẹ wo Yúróòpù, kíláàbù mélòó kan péré ló ń gba ife lọ́dọọdún.

Èsì mi nìyí. Ní 2016, Cleveland Browns jáwé olúborí lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n kọ́kọ́ yàn ní 2017. Ní sáà 2017 yẹn, ìdíje 16 ni wọ́n gbá, ìdíje 16 ni wọ́n pàdánù, wọ́n tún kọ́kọ́ yàn ní 2018. Wọn ò tíì dé Super Bowl rí láyé wọn. New England Patriots sì ń yàn sẹ́yìn lọ́pọ̀ ọdún, wọ́n gba ife 6 láàrin 2002 sí 2019. Draft ò lè sọ aláìmọ̀ọ́ṣe di ọ̀gá. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gbé ọmọ tó dáńtọ́ jù fún ilé tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n tọ́.

Èkejì, láti 1994 ni NFL ti ní gbèdéke iye owó tí kíláàbù kọ̀ọ̀kan lè ná lórí agbábọ́ọ̀lù. Ní 2025, mílíọ̀nù 279.2 dọ́là ni. Olówó ò lè kó gbogbo ọjà lọ, bó tiẹ̀ wù ú. Nítorí náà, irinṣẹ́ tó ń mú ìdọ́gba wá ti wà nílẹ̀ láìsí draft.

Ẹ̀kẹta ló dùn mọ́ mi jù. Ní oṣù Kẹjọ 2024, NWSL, líìgì bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àwọn obìnrin ní Amẹ́ríkà, níbi tí Asisat Oshoala wa láti Ìkòròdú ti gbá bọ́ọ̀lù fún Bay FC, fagi lé draft pátápátá. Òun ni líìgì ńlá àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn obìnrin náà ló gbé ọ̀rọ̀ náà sórí tábìlì, tí wọ́n jà fún àwọn ọmọbìnrin tí kò tíì wọlé. Báyìí, ọmọbìnrin tó bá jáde ní fásitì lè jókòó, kó yẹ kíláàbù wò, kó béèrè owó, kó sọ pé rárá.

Ṣé ẹ rí i? Òfin kan náà tó fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lágbára láti ta ọmọ tuntun ló fún wọn lágbára láti gbà á sílẹ̀. Ọwọ́ àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù NFL ni kọ́kọ́rọ́ wà. Gbogbo wọn náà ni wọ́n ti jókòó síwájú fóònù rí.

Ní oṣù Kẹrin tó ń bọ̀, tí kámẹ́rà bá tún yà sí ọmọkùnrin kan tó wọ kóòtù olówó ńlá, tí ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, tí fóònù wà lórí tábìlì níwájú wọn, ẹ bá wọn yọ̀. Inú èmi náà máa dùn, pàápàá tó bá jẹ́ Adé tàbí Olú ni wọ́n pè. Àmọ́ ẹ wo ojú ọmọ náà dáadáa kí ó tó gbé fóònù. Orí tirẹ̀ ni wọ́n ń fá lọ́wọ́ yẹn. Ó kéré tán, ó yẹ kí wọ́n bi í irú fífá tó ń fẹ́.